Títún Bàálù Ajagun Ṣe Lójú Ogun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Ọdún 1940

Inú ọgbà páńẹ́lì bítà ni mo dàgbà sí n'Íbàdàn. Bí mọ́tò kan bá ti kọlu igi, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá bá ní ó ti di àkísà irin, bàbá mi á yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ṣáásí rẹ̀, wọn á dìde, wọn á ní, "Ó ṣì ń bẹ láyé." Ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí fi wọ̀ mí lára. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ogun ojú òfurufú tó wáyé lókè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1940, awakọ̀ bàálù nìkan ni wọ́n ń kì. Akọni ni wọ́n, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí kò ní bàálù, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ni. Àwọn tó ń di ihò ọta, tí wọ́n ń yọ ẹ́ńjìnnì lóru, tí wọ́n ń rán aṣọ ìrù bàálù kílẹ̀ tó mọ́, àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí.

Ogun wo là ń sọ gan-an?

Ogun Àgbáyé Kejì ni. Lóṣù kẹfà ọdún 1940, ilẹ̀ Faransé túúbá fún Jámánì, ó wá ku Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ ogun Jámánì tó lè fi ọkọ̀ ojú omi sọdá òkun tóóró tó wà láàárín, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ojú òfurufú lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 10 oṣù keje ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka ìbẹ̀rẹ̀ ìjà náà sí, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni wọ́n ka òpin rẹ̀ sí. Spitfire àti Hurricane ni bàálù méjì tó gbé ìjà náà lérí. Spitfire lorúkọ rẹ̀ kàn jù, àmọ́ Hurricane ló pọ̀ jù lójú ìjà, òun náà ló sì já bàálù Jámánì tó pọ̀ jù lulẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kàn ṣe tuntun? Ṣé àtúnṣe ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni?

Ó ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Nínú gbogbo bàálù ajagun tí wọ́n kó fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì lásìkò ìjà yẹn, bíi 65 nínú 100 ló jẹ́ tuntun láti ilé iṣẹ́. Bíi 35 tó kù, èyí tó ti fara gbọta tẹ́lẹ̀ ni, tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n dá padà sójú ìjà. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn kúrò, kí ẹ wá wo bóyá ìjà náà á rí bó ṣe rí.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tuntun pàápàá kò fọkàn balẹ̀. Ní ọjọ́ 24 àti 26 oṣù kẹsàn-án, bọ́ǹbù Jámánì bọ́ lu ilé iṣẹ́ Supermarine ní Woolston, lẹ́bàá Southampton, níbi tí Spitfire ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní láti fọ́n iṣẹ́ ká sí gàráàjì, ibùdó bọ́ọ̀sì àti ilé ìfọṣọ káàkiri ìlú. Lákòókò tí irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀, bàálù tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó kan nílò ìyẹ́ apá kan àti rẹ̀dìétọ̀ kan, wúrà ni.

Ìdí míì tún wà. Òkè ilẹ̀ tiwọn gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń jà. Bí bàálù wọn bá já lulẹ̀, oko ẹnìkan ní Kent tàbí Sussex ló máa já sí, wọ́n á sì lọ gbé e. Bí awakọ̀ bá fi pàrásúùtì bọ́ sílẹ̀ láìfarapa, ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bàálù Jámánì tó bá já síbẹ̀, òun àti awakọ̀ rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ta ló dá ètò àtúnṣe náà sílẹ̀?

Ẹni méjì ni mo máa dárúkọ. Ẹni àkọ́kọ́ ni Lord Nuffield, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ William Morris. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ ń tún ṣe ní Oxford nígbà tó wà lọ́mọdé, kó tó di pé ó ń ṣe mọ́tò Morris ní Cowley, lẹ́yìn ìlú Oxford. Ẹni tó fi títún nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ ni ìjọba wá fa iṣẹ́ títún bàálù ṣe lé lọ́wọ́, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó yẹ jù ú lọ. Wọ́n pe ètò náà ní Civilian Repair Organisation. Ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe ṣójà: àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mọ́tò, gàráàjì àtàwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ni wọ́n kó jọ. Àwọn ológun ní ibùdó àtúnṣe tiwọn náà, bíi St Athan ní Wales àti Henlow, àmọ́ iṣẹ́ ti pọ̀ ju agbára wọn lọ.

Ẹnì kejì ni Lord Beaverbrook, ọmọ Kánádà tó ni ìwé ìròyìn Daily Express. Ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún 1940 ni Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi í ṣe mínísítà fún ṣíṣe bàálù, àtúnṣe náà sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Alágídí ni. Kò fẹ́ gbọ́ "fọ́ọ̀mù ò tíì dé" tàbí "ẹ fún wa lọ́sẹ̀ méjì". Ó ń fi tẹlifóònù jí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ lóru láti béèrè iye bàálù tó jáde. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Max Aitken, ń wa bàálù ajagun lójú ìjà yẹn gan-an. Tẹ́ ẹ bá lọ́mọ lókè ọ̀hún, ẹ̀yin náà ò ní jẹ́ kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ sùn. Dowding, tó jẹ́ olórí gbogbo bàálù ajagun Gẹ̀ẹ́sì, yìn ín gidigidi lórí ohun tó ṣe.

Bí bàálù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bà sílẹ̀ pẹ̀lú ihò lára, ta ló kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn án?

Àwọn mẹkáníìkì tó ń bá a gbé ní pápá bàálù. Bàálù kọ̀ọ̀kan ní èèyàn méjì tirẹ̀, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún ara bàálù, àwọn tó ń bójú tó ìbọn á sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Bàálù "wa" ni wọ́n máa ń pè é. Wọ́n kàn fi ń yá awakọ̀ lò ni.

Wọ́n ní àmì kan tí wọ́n fi ń mọ̀ kí bàálù tó balẹ̀ pàápàá. Ojú ìbọn mẹ́jọ ló wà létí ìyẹ́ apá rẹ̀. Kí òtútù òkè àti omi má bàa wọ inú ìbọn, wọ́n máa ń fi aṣọ kékeré tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa dí ojú ihò náà. Bí awakọ̀ bá yìnbọn, ọta á fa aṣọ náà ya. Tó bá wá ń bọ̀ nílé, atẹ́gùn á máa fẹ́ wọnú ihò, bàálù á máa súfèé. Àwọn tó wà nílẹ̀ á gbọ́ súfèé yẹn, wọ́n á ti mọ̀ pé wọ́n ti jà, wọ́n á sáré gbé àpótí ọta. Wọ́n á ro epo, wọ́n á kó ọta tuntun sí i, wọ́n á lẹ aṣọ pupa tuntun, wọ́n á fọwọ́ pa ìyẹ́ àti ìrù rẹ̀ láti wá ihò, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, torí ó lè di pé kí ó tún gbéra kí tíì tí wọ́n bù fún awakọ̀ tó tutù.

Nígbà míì, awakọ̀ tó balẹ̀ ò lè fúnra rẹ̀ jáde. Wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á fà á fáwọn onímọ̀ ìṣègùn, wọ́n á wá mú omi àti aṣọ ìnulẹ̀, wọ́n á fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò níbi ìjókòó. Iṣẹ́ àtúnṣe ni ìyẹn náà. Kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn.

Ìta gbangba ni wọ́n sábà máa ń ti ṣiṣẹ́. Ní pápá bàálù Biggin Hill, bọ́ǹbù bọ́ léraléra níparí oṣù kẹjọ débi pé ilé ńlá tí wọ́n ń gbé bàálù sí wó. Wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bò lójú ṣiṣẹ́ lóru, torí iná lè pe ọ̀tá wá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tó ṣeé tún ṣe àti èyí tí kò ṣeé tún ṣe?

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Ìkíní: èyí tí àwọn ará pápá lè fúnra wọn ṣe. Ìkejì: èyí tó kọjá agbára wọn, tó ní láti lọ sí ilé àtúnṣe. Ìkẹta: èyí tó ti kú.

Iṣẹ́ ojú ni, ọgbọ́n àgbà ló sì gbà. Ihò ogún lára páànù lè jẹ́ ìkíní, bẹ́ẹ̀ ihò kan ṣoṣo tó gba inú òpó ìyẹ́ apá kọjá lè gbé bàálù lọ sí ìkejì. Bàbá mi ò fi gbogbo ayé wọn fọwọ́ kan bàálù, àmọ́ ohun tí wọ́n ń wá lábẹ́ mọ́tò náà làwọn tó ń yẹ bàálù wò ń wá: ṣé egungun ṣì tọ́? Awọ kì í ṣòro.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé Hurricane rọrùn láti tún ṣe ju Spitfire lọ?

Torí pé ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n gbà kàn án. Sydney Camm tó yàwòrán rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ Hawker ti ń gbà ṣe bàálù aláṣọ tẹ́lẹ̀. Egungun inú rẹ̀ jẹ́ páìpù irin. Wọn ò fi iná jó páìpù wọ̀nyẹn pọ̀. Wọ́n tẹ ẹnu wọn kí ó lè ní igun mẹ́rin, wọ́n wá fi pátákó irin àti bọ́ọ̀tì dè wọ́n. Páìpù kan bá ṣẹ́, ẹ tú bọ́ọ̀tì, ẹ yọ ọ́, ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́. Lórí egungun yẹn ni wọ́n to igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí, láti ẹ̀yìn awakọ̀ títí dé ìrù. Aṣọ lẹ́náànì ni wọ́n wá fi bo gbogbo rẹ̀.

Aṣọ! Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nìyẹn. Ọta á gba apá kan wọlé, á gba apá kejì jáde, bí kò bá ti kan egungun tàbí wáyà tó ń darí ìrù, ihò méjì lásán ló fi sílẹ̀. Ọta ẹlẹ́bú tó máa ń bú gbàù nígbà tó bá kan páànù, nígbà míì á kọjá nínú aṣọ láìbú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń di irú ihò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gé etí ibi tó ya kó dọ́gba. Tó bá gùn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ rán an pọ̀. Wọ́n á gé aṣọ lẹ́náànì tuntun tó fẹ̀ ju ihò lọ, wọ́n á fa òwú etí rẹ̀ jáde kí ó lè dì mọ́ra dáadáa. Wọ́n á kun dópù, ìyẹn ọ̀dà olóòórùn líle kan tó ń gbẹ kíá, wọ́n á tẹ́ aṣọ náà lé e, wọ́n á tún kun òmíràn lé e lórí. Bí dópù bá ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ á máa fà, títí tí á fi le kíkan-kíkan bí awọ ìlù. Bẹ́ ẹ bá fi ìka ta á, á dún. Òórùn dópù máa ń mú orí yí èèyàn, àwọn tó ń kùn ún gbọ́dọ̀ máa jáde gba atẹ́gùn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló wà nídìí iṣẹ́ aṣọ yìí, torí wọ́n mọ abẹ́rẹ́ dì mú dáadáa.

Spitfire wá ńkọ́? Ṣé wọ́n kàn ń lu páànù rẹ̀ bí a ṣe ń lu ti mọ́tò ni?

Rárá o. Páànù ara mọ́tò, bó bá tẹ̀, mọ́tò ṣì ń lọ. Páànù ara Spitfire fúnra rẹ̀ wà lára egungun, òun àti férémù inú ló jọ ń ru ẹrù. Ihò níbẹ̀ dà bí ògiri tí ẹ yọ búlọ́ọ̀kù kúrò lára rẹ̀.

Nítorí náà wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́ kúrò pátápátá, wọn ò ní fi etí tó ya sílẹ̀. Bí ìlà fífọ́ bá ti ń sáré lọ nínú páànù, wọ́n á lu ihò róbótó kékeré síwájú ibi tó dé kó lè dúró níbẹ̀. Wọ́n á gé páànù tuntun, wọ́n á fi rìfẹ́ẹ̀tì kàn án mọ́ ara.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni kíkan rìfẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan wà níta pẹ̀lú ìbọn atẹ́gùn tó ń lu orí rìfẹ́ẹ̀tì, ẹnì kejì wà nínú, ó di òkúta irin wúwo mú sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ìdí rẹ̀ lè fẹ̀. Wọn ò rí ara wọn. Gbígbọ̀n irin lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Inú ìrù bàálù há, ẹni tó bá kéré lára ni wọ́n máa ń ní kó wọ ibẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá wà nínú ìrù yẹn nígbà tí ìbọn atẹ́gùn bá ń lù ú, bí ẹni pé wọ́n gbé gángan sí i létí ni.

Rìfẹ́ẹ̀tì náà ní ìwà tirẹ̀. Alumíníọ́mù tí wọ́n pò mọ́ kọ́pà ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á fi iná mú un gbóná, wọ́n á rì í bọ omi, á wá rọ̀. Àmọ́ láàárín bíi wákàtí kan sí méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í le fúnra rẹ̀, bí ẹ bá sì lù ú nígbà yẹn, á fọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ní fíríìjì, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí kó má tètè le. Èmi fẹ́ràn èyí ju gbogbo ohun tí mo kà nípa iṣẹ́ náà lọ. Irin tó ń dúró dè yín nínú fíríìjì bí ẹja!

Iná ni ọ̀tá kejì. Páànù tí iná bá ti rá lè dà bí èyí tó dáa lójú, síbẹ̀ kí agbára ti lọ lára rẹ̀. Wọn kì í fi ìyẹn tafàlà: wọ́n á yọ ọ́ ni.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?

Àwọn méjèèjì, Spitfire àti Hurricane, ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n ń lò: Merlin ti Rolls-Royce, tó ní sílíńdà 12. Ìyẹn nìkan ti dín wàhálà kù. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yọ lára Hurricane tó ti kú lè lọ sínú bàálù míì.

Oògùn olómi kan tí kì í tètè dì, tí wọ́n ń pè ní glycol, ló ń tu ú. Ọta kan ṣoṣo bá lu rẹ̀dìétọ̀, glycol á dà tán, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ́ńjìnnì á jóná, awakọ̀ ò ní ju kó wá pápá sílẹ̀ tàbí kó bẹ́. Wọn kì í sábà tú ẹ́ńjìnnì tó ti jóná báyìí ní pápá. Wọ́n á yọ ọ́ odindi, wọ́n á gbé òmíràn sí i, wọ́n á rán èyí tó bàjẹ́ lọ sílé iṣẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé èyí tó já sínú oko?

Ìyẹn náà ní àwọn tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ológun kan wà ní Cowley, No. 50 Maintenance Unit, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n lọ kó bàálù tó já. Wọ́n á tú ìyẹ́ apá kúrò, wọ́n á fi kérénì gbé ara rẹ̀ sórí tírélà gígùn kan tó rẹlẹ̀, tí ilé iṣẹ́ Tasker ṣe. Tírélà náà gùn débi pé wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ òkun ńlá Queen Mary pè é. Ọ̀nà abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ìgbà yẹn sì ni wọ́n yọ àkọlé orúkọ ìlú kúrò lójú ọ̀nà gbogbo kí àwọn Jámánì má bàa mọ̀nà bí wọ́n bá wọlé. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń wa tírélà gígùn bẹ́ẹ̀ lóru, láìsí iná, láìsí àkọlé. Èyí tó bá ṣì lè fò díẹ̀, awakọ̀ á rọra gbé e lọ sí ilé àtúnṣe fúnra rẹ̀.

Èyí tó ti kú pátápátá, ṣé wọ́n ń sọ ọ́ nù ni?

Wọn kì í sọ nǹkan kan nù. Bí ọjà Ládipọ̀ ni. Wọ́n á kọ́kọ́ tú gbogbo ohun tó ṣì dáa: táyà, ìbọn, aago, ẹ̀rọ rédíò, férémù. Ìyẹ́ apá òsì ti èyí, ìrù ti ìyẹn, ara ti ẹ̀kẹta, bàálù kan tó lè fò á ti jáde. Beaverbrook kò fẹ́ gbọ́ pé bàálù kan wà nílẹ̀ nítorí sípéà páàtì nígbà tí òkú bàálù wà nítòsí.

Ohun tó bá kù, wọ́n á yọ́ ọ. Pápá ńlá kan wà ní Cowley níbi tí wọ́n kó àfọ́kù jọ sí, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì pọ̀, kí wọ́n tó yọ́ alumíníọ́mù wọn padà. Ayàwòrán Paul Nash lọ wo ibẹ̀, ìyẹ́ apá tó ṣẹ́ jọ bí ìgbì òkun lábẹ́ òṣùpá lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe yà á.

Lóṣù keje 1940, wọ́n bẹ àwọn ìyàwó ilé pé kí wọ́n kó ìkòkò alumíníọ́mù wọn wá. Wọ́n kó o wá ní òkè òkè. Irin inú ìkòkò kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún bàálù, àmọ́ ìyá tó fi ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gbà pé òun náà ti wà nínú ìjà.

Ṣé bàálù tí wọ́n tún ṣe lè lágbára tó tuntun?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àmì dídí máa ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́ díẹ̀, awakọ̀ tó bá mọ bàálù rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára. Kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, wọ́n á gbé e sórí àpótí, wọ́n á fi ìwọ̀n àti okùn olójé yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìyẹ́ apá méjèèjì dọ́gba, lẹ́yìn náà ni awakọ̀ tó ń dán bàálù wò á gbé e lọ sókè.

Ṣùgbọ́n àwọn míì máa ń jáde dáa ju bí wọ́n ṣe wọlé lọ. Nígbà tí ìjà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ Spitfire àti Hurricane ṣì ń lo fáànù iwájú tí igun rẹ̀ méjì péré ni awakọ̀ lè yàn. Láti ìparí oṣù kẹfà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ de Havilland ń lọ láti pápá dé pápá, tọ̀sán-tòru, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń yí igun rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Kí oṣù kẹjọ tó kọjá ìdajì, bàálù tó lé ní 1,000 ni wọ́n ti ṣe. Bàálù wá ń gòkè kíákíá, ó sì ń ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo bá máa fún ẹnì kan lámì ẹ̀yẹ nínú gbogbo ìtàn yìí, àwọn ọkùnrin tó gbé ṣípáná rìn káàkiri pápá láàárín ọ̀sẹ̀ méje yẹn ni.

Ta ló ń gbé èyí tó ti dáa padà sójú ogun?

Àwọn Air Transport Auxiliary. Aráàlú ni wọ́n, àwọn tí ẹgbẹ́ ogun ò gbà nítorí ọjọ́ orí tàbí àléébù ara. Ọ̀kan nínú wọn lójú kan àti apá kan, ó sì ń wa bàálù. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀ láti oṣù kìíní 1940, àmọ́ bàálù kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n gbé fún wọn lákọ̀ọ́kọ́. Ọdún 1941 ni wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wa Hurricane. Amy Johnson, tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí pé ó dá wa bàálù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Australia lọ́dún 1930, wà lára wọn. Ó kú sẹ́nu iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 1941, lẹ́nu odò Thames.

Ṣé ó kan ilẹ̀ wa lọ́nàkọnà?

Ó kàn wá, Èkó gan-an wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí Ítálì wọ ogun, Òkun Mẹditaréníà di ewu, Gẹ̀ẹ́sì ò sì rọ́nà kó bàálù lọ sí Íjíbítì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sínú àpótí, wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé wọn wá sí Takoradi ní Gold Coast, Gánà òde òní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án 1940, bàálù Blenheim kan ṣíwájú, Hurricane mẹ́fà tẹ̀ lé e, wọ́n gbéra. Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí, wọ́n gba Kánò, wọ́n gba Màídúgùrì, wọ́n kọjá Fort Lamy ní Chad lọ sí Khartoum, títí wọ́n fi dé Cairo. Ó tó bíi máìlì 3,700, eruku àti ọ̀yẹ́ lójú ọ̀nà. Àwọn bàbá wa ní Èkó gbọ́ ariwo Merlin yẹn lórí òrùlé wọn.

Ní Cairo, àtúnṣe di ọ̀rọ̀ ńlá, torí iyanrìn aṣálẹ̀ ń jẹ ẹ́ńjìnnì bí ikán ṣe ń jẹ igi. Lọ́dún 1941 wọ́n rán Graham Dawson wá láti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ṣíṣe bàálù kó wá tún ètò náà tò. Ó kó iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì wọ inú ihò àpáta Tura, lẹ́bàá odò Náílì, ibi tí wọ́n ti wa òkúta funfun tí wọ́n fi bo àwọn pírámíìdì láyé ọjọ́un. Ó tún gbé iṣẹ́ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké nínú kọ̀rọ̀ àdúgbò Cairo, àwọn tó ń tún mọ́tò àti ẹ̀rọ ṣe.

Ṣé ó ku èyíkéyìí lára àwọn bàálù yẹn tí a ṣì lè rí?

Ó kù. Spitfire kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ P7350. Òun ni ìkẹrìnlá nínú èyí tó lé ní 11,000 tí wọ́n ṣe ní Castle Bromwich. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 1940, ọmọ Póláńdì kan tó ń jẹ́ Ludwik Martel, nínú ẹgbẹ́ 603, ló wà á. Ọta ńlá láti ara bàálù Jámánì bú lára ìyẹ́ apá òsì, àfọ́kù rẹ̀ sì wọ Martel lára àti lẹ́sẹ̀. Ó la àárín ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ nínú ìrora, ó fi ikùn bàálù gúnlẹ̀ sínú pápá kan lẹ́bàá Hastings, láìna táyà. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gbé bàálù lọ sí ilé àtúnṣe ní Cowley, nígbà tí ọdún yẹn sì máa fi parí, wọ́n ti tún un ṣe, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn ogun, lọ́dún 1948, wọ́n tà á fún oníṣòwò àfọ́kù irin. Ilé iṣẹ́ náà rí ohun tó jẹ́ nínú ìwé rẹ̀, wọn ò yọ́ ọ, wọ́n fi ta àwọn ológun òfurufú lọ́rẹ. Títí di òní, ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bàálù ìrántí ní Coningsby, ó sì ń fò. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ sún mọ́ ìyẹ́ apá òsì. Àmì dídí tí àwọn ará Cowley kàn sí i ṣì wà níbẹ̀, rìfẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rìfẹ́ẹ̀tì.